Sí Àbẹ̀kẹ́ Tó Fẹ́ Máa Pa Alumíníọ́mù Láró

Ilé wa, Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí a tọrọ kí a tó rí,

Ìwé rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ìyá rẹ ló gbà á lọ́wọ́ awakọ̀, ó sì jókòó tì mí títí mo fi kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé ìdí táǹkì aró ni wọ́n fi ọ́ sí ní ilé iṣẹ́ yín n'Íbàdàn, mo ní láti bọ́ awò ojú mi kí n nu ojú. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé, èyí tí mo fi ọdún mẹ́tàlélógún ṣe ní Ìkẹjà ni wọ́n tún lọ fà lé ọ lọ́wọ́. Èmi ti rò pé kẹ́mísìrì tí o kà ní Pólì yóò sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó sínú yàrá tútù, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ẹni bíni là á jọ, kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe sí i.

O bi mí pé, "Bàbá, kí ni kí n mọ̀ tí wọn ò kọ́ wa nílé ìwé?" Ó yẹ kí n ti fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí, má sì rò pé mo gbàgbé rẹ. Mo jókòó, mo kọ ọ́ pé, "Àkọ́kọ́, má ṣe purọ́ nídìí táǹkì." Bírò dúró sí mi lọ́wọ́ níbẹ̀. Irọ́ kan wà tí èmi bàbá rẹ pa nídìí táǹkì kí a tó bí ọ, ẹlòmíràn ló sì jìyà rẹ̀. Mi ò lè máa fi ẹnu kan náà kọ́ ọ. Nítorí náà mo ti ìwé sápá kan, mo kọ́kọ́ lọ sí ìlú Ayégbajú. Màá sọ ohun tí mo lọ ṣe níbẹ̀ fún ọ kí n tó parí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn, kí o má baà sọ pé ìtàn ni mo fi dọ́gbọ́n sá fún ìbéèrè rẹ.

Ìyá rẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà kí òun lè gbọ́, pé ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é, òórùn ásíìdì ara aṣọ mi nìkan lòun mọ̀. Mo ti sọ fún un báyìí pé: a ó fọ alumíníọ́mù títí òróró kankan kò fi ní sí lára rẹ̀. A ó fi ìkọ́ gbé e sínú omi tí a po ásíìdì mọ́, irú èyí tó ń bẹ nínú bátìrì mọ́tò, a ó sì so iná mànàmáná mọ́ ọn. Iná yẹn á mú kí ara rẹ̀ hu awọ líle kan, awọ tí ihò wà lára rẹ̀, ihò tó kéré débi pé ojú kò lè rí i. A ó ṣàn án, a ó sì rì í sínú aró gbígbóná, aró á wọ inú àwọn ihò náà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wá gbé e sínú omi tó ń hó. Omi híhó ló máa ń pa ẹnu ihò dé kí aró má baà jáde mọ́. Ìyá rẹ gbọ́, ó ní, "Bíi ti aṣọ náà ni." Mo ní ó jọ ọ́, kò sì jọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ti wá.

O kò bá ìyá mi láyé. Aláró ni, ewé ẹ̀lú ló fi tọ́ mi ní Ìkọ̀lé yìí. Kì í fi aṣọ sílẹ̀ sínú ìkòkò títí á fi dúdú. Á rì í, á yọ ọ́, á sá a sí atẹ́gùn títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí padà, kó tó tún un rì. Ó máa ń sọ pé atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró. Nígbà tí mo dé Ìkẹjà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ nídìí táǹkì, mo yọ àwọn páànù pẹlẹbẹ kan nínú ásíìdì, mo ṣàn wọ́n, mo bá lọ fi wọ́n kọ́ sójú fèrèsé kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Èmi bá lọ jẹun. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbẹ táútáú. Mo rì wọ́n sínú aró dúdú, wọ́n jáde bí ara ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn, ibì kan dúdú, ibì kan bí eérú. Ọ̀gá bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá mi ni. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń pè mí ní Màmá Aláró.

Nítorí náà, láti inú ásíìdì sínú omi ìṣàn, láti inú omi ìṣàn sínú aró, kí ara rẹ̀ ṣì tutù. Má jẹ́ kó gbẹ. Má sì gbé ọgbọ́n ìkòkò kan lọ sídìí òmíràn láìbéèrè. N'Íbàdàn níbẹ̀, wàá rí àwọn tí kò kàwé tó ọ, tí wọ́n ti wà nídìí táǹkì yẹn nígbà tí o ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń kọ A. Bi wọ́n léèrè, kí o sì máa pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò.

Ṣùgbọ́n má ju ọgbọ́n ìyá-ìyá rẹ nù pátápátá. Wò ó, mo ti ṣì í kọ, ìyá mi ni mo ń wí, ìyá bàbá rẹ. Bí aṣọ bá ti gbẹ, ó máa ń mú àkísà funfun, á fi ra á. Bí aró bá lẹ̀ mọ́ àkísà, á ní kò tíì jinná, kò ní jẹ́ kó jáde nílé. Mú àkísà funfun kan lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ni, ìwé yìí ì bá kúrú.

Èkejì, ọwọ́ rẹ. Mo jẹ àkàrà gbígbóná láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo nu ọwọ́ mi sára ṣòkòtò, mo ní ó ti mọ́. Mo fi gbé àwo alumíníọ́mù ńlá kan. Kò sí ohun tó hàn lára rẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tó jáde nínú aró pupa ni ìka márààrún yọ síta, ó funfun, ó gún régé, kódà ilà àtẹ́lẹwọ́ mi wà níbẹ̀. Ọ̀gá wá wò ó. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé e, ó bá a mu, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ ìbọ̀wọ́, ọmọ mi. Kí o sì rántí pé bí ó ti rí fún àwo náà ló rí fún ènìyàn níbi iṣẹ́ tuntun. Ohun tí o bá ṣe ní oṣù àkọ́kọ́, tí o rò pé ẹnì kankan kò rí, àsìkò ń bọ̀ tí yóò yọ síta.

Ẹ̀kẹta, má fi aró inú ilé ṣe ohun tí oòrùn máa pa. O rántí pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, èyí tí o máa ń bi mí pé kí ló dé tí kò sí nǹkankan lára rẹ̀. Orúkọ wa ló wà níbẹ̀ rí, ilẹ̀ rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo ṣe é kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ dájú pé aró yẹn kò fẹ́ràn oòrùn. Mo ní pupa rẹ̀ wù mí. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta péré ló fi jẹ ẹ́ tán. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n yọ ọ́. Ó ní kó wà níbẹ̀ kó máa rán mi létí pé mo lórí kunkun. Bí oníbàárà bá ní fèrèsé ni òun fẹ́ fi ṣe, sọ òtítọ́ nípa aró náà fún un, kódà bí ó máa bínú lọ. Bí o bá sì fẹ́ mú ọkùnrin kan wá hàn wá, èyí tí o ń fi ọgbọ́n dárúkọ ní ìsàlẹ̀ ìwé rẹ bíi pé a kò rí i, kọ́kọ́ rí i lójú oòrùn ná. Rí i nígbà tí mọ́tò bá bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́nà. Ẹni tó dùn ún wò nínú ilé pọ̀.

Ásíìdì ni kí o máa dà sínú omi. Má da omi sínú ásíìdì láé. Pa iná kí o tó fọwọ́ kan ìkọ́. Ìyá rẹ ní kí o máa di irun rẹ, kí o má sì lọ síbi iṣẹ́ láìjẹun, pé òun mọ̀ ọ́. Mo ti kọ ọ́ o.

Ó wá ku ohun tó gbé mi lọ sí Ayégbajú.

Ìdòwú, ọmọ Ayégbajú, ni èmi àti ẹ̀ jọ wà nídìí táǹkì kan náà ní Ìkẹjà. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, èmi ni mo sì kọ́ ọ níṣẹ́. Bí mo bá ṣe tán lọ́sàn-án, òun ló máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Á kó ohun tí mo bá ti parí sínú páálí, á sì fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ni ilé iṣẹ́ mọ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ékòó ní kí a bá àwọn ṣe àwo ìgbọrẹ aláwọ̀ wúrà. Ọjọ́ tí mò ń parí wọn bọ́ sí ọjọ́ tí ọmọ ìlú wa kan fẹ́ wakọ̀ wálé fún ọdún ìjẹṣu. Ó ti fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ dè mí. Mo ní bàtà tuntun tó ń dún kò-kò-kò, mo sì fẹ́ kí Ìkọ̀lé gbọ́ ọ. Ìyá rẹ bẹ̀ mí pé kí n má lọ lọ́dún yẹn, ara òun kò yá. Mi ò gbọ́.

Aró wúrà náà mú dáadáa. Ó wá ku omi híhó. Mo ti pẹ́ kí n tó tan iná abẹ́ táǹkì, omi náà ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó yẹ kí n dúró. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta. Mo ri àwọn àwo náà bọ inú omi wọ́ọ́rọ́ yẹn, mo yọ wọ́n, mo nù wọ́n, wọ́n ń dán yinrin. Ìdòwú wọlé bí mo ṣe ń wọ bàtà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi hó?"

Mo ní, "Ó hó."

Ó bá kó wọn sínú páálí, ó fọwọ́ sí ìwé. Èmi ti wà níwájú ọkọ̀.

Ọjọ́ ìkórè ni ṣọ́ọ̀ṣì náà kọ́kọ́ lo àwọn àwo yẹn. Àwọn tó ń gbé igbá ọrẹ wọ aṣọ funfun àti ìbọ̀wọ́ funfun. Kí wọ́n tó gbé e yí ìjọ ká tán, wúrà ti wà lọ́wọ́ wọn, ó wà láyà aṣọ wọn, wọ́n ní alàgbà kan tiẹ̀ fi ọwọ́ yẹn nu iwájú orí. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú sì ń tì mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà wá. Mánéjà pe èmi àti Ìdòwú. Ó bi Ìdòwú bóyá òun ló fọwọ́ sí ìwé, Ìdòwú ní òun ni. Ó bi í bóyá omi hó. Ìdòwú wo ojú mi. Àbẹ̀kẹ́, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ìdòwú wá ní ọwọ́ òun ni àwọn àwo náà ti jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé.

Mo ní màá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà di oṣù, oṣù di ọdún, mo di ọ̀gá ìdí táǹkì, mo fẹ̀yìn tì, mo padà wálé. Bí ọkọ̀ bá ti ń gba Ayégbajú kọjá, mo máa ń tẹrí ba bí ẹni tó ń so okùn bàtà. O bi mí nígbà kan tí o ṣì kéré pé, "Bàbá, sálúbàtà lẹ wọ̀, okùn wo lẹ ń so?" Mo ní kí o dákẹ́. Dárí jì mí fún ìyẹn náà.

Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ. Ìdòwú wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń sá kòkó. Orí rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó gbójú sókè, ó wò mí títí, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà pẹ́ lọ́nà o. Ẹ wọlé." Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ fún mi ní omi, òun fúnra rẹ̀ sì lọ bu ẹ̀pà wá. Inú ọ̀kan nínú àwọn àwo yẹn ló bù ú sí, èyí tó mú kúrò ní Ìkẹjà lọ́jọ́ tí wọ́n lé e. Etí rẹ̀ yíká, níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, ti funfun pátápátá. Àárín rẹ̀ ṣì pọ́n bíi wúrà.

Mi ò lè jẹ ẹ̀pà náà. Mo ní, "Ìdòwú, omi yẹn kò hó."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí òun fẹ́ ri iṣẹ́ tòun, òun dúró pẹ́ kí omi táǹkì tó hó, òun sì rò pé iná ni kò le. Àfìgbà tí àwọn àwo padà dé ni òun rò ó pé omi tó ti hó tán kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó tún hó. Nítorí náà, nígbà tí òun dúró níwájú mánéjà tí òun wo ojú mi, òun ti mọ ohun gbogbo. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wí. Ohun tó fi dá mi lóhùn ni mo fẹ́ kí o kà dáadáa, bó ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́:

"Ẹ̀gbọ́n, oyún méjì ti bọ́ lára ìyàwó yín. Ìkẹta wà nínú, dọ́kítà ulé uṣẹ́ ló ń tọ́jú ẹ̀. Bí uṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, dọ́kítà bọ́ náà nìyẹn. Èmi lè padà wá sí ulé, kí n máa roko. Ṣé oyún lè roko ni?"

Ìwọ ni, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ ni oyún náà.

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó di èjìká mi mú, ó ní ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Má rò pé kò dùn ún o. Ó sọ fún mi pé kì í ṣe uṣẹ́ tó lọ ló dun òun jù. Ó ní òun máa ń rí mi nínú ọkọ̀ tí mo tẹrí ba, pé ọdún wo ni màá so bàtà yẹn tán. Mo sunkún níwájú ìyàwó rẹ̀, mi ò sì tijú.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́?" Mo sọ iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó wá da ẹ̀pà náà sínú abọ́ mìíràn, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu àwo, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì rẹ. Òun ló wà nínú ìwé ìròyìn tí awakọ̀ fi lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Má pa á láró mọ́. Jẹ́ kó wà bó ṣe wà.

Nígbà tí mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Òun náà kò mọ̀ ọ́n rí. Ọjọ́ méjì ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó gúnyán, ó fi ewé dì í, ó wọkọ̀ lọ sí Ayégbajú, kò sì jẹ́ kí n tẹ̀ lé òun. Ó dé nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọmọ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi kò pọ̀. Bí o bá wálé fún Àjíǹde, a ó jọ dúró ní Ayégbajú kí a tó dé Ìkọ̀lé. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ wọlé, kí o kúnlẹ̀ fún un, kí o sì sọ orúkọ rẹ fún un. Ní ti iṣẹ́ rẹ, àwọn tó kéré sí ọ yóò máa bi ọ́ pé ṣé omi hó. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin ìsàlẹ̀ ìwé yẹn ló ń dúró dè ọ́ níta. Padà lọ wò ó kí o tó dáhùn. Bí kò bá hó, sọ pé kò hó. Bí o bá sì ti ṣì í ṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ọ̀la rẹ̀ máa ń jìn.

Mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ti ń fi hàn lọ. Bí mo ti ń ká ìwé yìí báyìí, ìyá rẹ bi mí bóyá bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́. Mo tú u, mo tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n tó sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.